Ogún Nínú Ogún

Ọjọ́rú ni mo fi ṣọ́ọ̀kì fa òbìrí
sílẹ̀ gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa ní Òkèsà, n'Iléṣà,
òbìrí kan ní igun,
kò fẹ̀ ju ẹnu agbada ayangàrí lọ.
A ti gbogbo fèrèsé nítorí ọyẹ́.
Mo ń ju bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ sí Bọ́látitó,
ó ń gbá a, ó ń bọ́ sínú òbìrí
bí adìyẹ tó mọ ibi ìsàba rẹ̀.
Ogún nínú ogún. Bírò pupa ni mo fi kọ ọ́,
mo fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbíyẹmí gba méjìlá.
Ó gbá ọ̀kan mọ́ àjà, ó bú sẹ́rìn-ín,
ó ní, "Kóòṣì, òbìrí yìí ò kúkú lẹ́sẹ̀,
ta ló ń sá fún mi níbẹ̀?"
Mo ní kó dákẹ́. Mo kọ méjìlá.
Síbẹ̀, nígbà tí mo ní kí wọ́n sáré fọwọ́ kan igun mẹ́rin,
kí wọ́n máa padà sí àárín,
òun ló kọ́kọ́ ṣe é tán.
Mo kọ ìyẹn náà sí ìsàlẹ̀ ìwé, lẹ́ẹ̀dì ni mo fi kọ ọ́,
torí bírò ti gbẹ.

Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà dé lọ́jọ́ Sátidé.
Èrò ṣí fèrèsé kí wọ́n lè yọjú,
atẹ́gùn náà wọlé wá wòran.
Bọ́látitó gbá bọ́ọ̀lù sí igun rẹ̀ àtijọ́,
ó gún régé;
ọmọ àlejò ti dúró dè é níbẹ̀.
Ó tún gbá a síbẹ̀. Ó tún gbá a síbẹ̀.
Mọ́kànlélógún sí mẹ́sàn-án.

Ìbíyẹmí ò gbá ohun kan tó dùn-ún wò.
Èjìká ẹni tó wà lódìkejì ló ń wò,
ó ń fi bọ́ọ̀lù sí ibi tí ẹsẹ̀ onítọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò,
bí ẹni ń jókòó sórí àga tí kò tíì tutù.
Ó borí.

Lálẹ́, mo ṣí ìwé. N kò lè sọ pé ó parọ́:
ohun tí mo bi í ló dáhùn.
Ṣọ́ọ̀kì ni mo dán wò, n kò dán ojú wò.
Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní fà á ya,
torí lẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ yẹn rí ohun tí bírò pupa ò rí.

Ọjọ́ Ajé, kí agogo tó lù,
mo bá Bọ́látitó lórí ìkúnlẹ̀,
ó ń fi àkísà tútù nu òbìrí kúrò nílẹ̀.
Kò tilẹ̀ kí mi.
Ó na rákẹ́ẹ̀tì kejì sí Ìbíyẹmí:
"Lọ sí òdìkejì.
Má sọ ibi tí o máa dúró fún mi."