Orin Mẹ́sàn-án Lẹ́yìn Ilé Búlọ́ọ̀kù

Ọ̀sán ni ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù máa ń ké,
òru ni tiwa.
Àdéhùn tí Bàbá Láwọyin bá wa ṣe nìyẹn
nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ l'Ókè-Báalẹ̀,
yàrá tó ń kó sìmẹ́ńtì sí tẹ́lẹ̀,
tí eruku rẹ̀ ò fi ọ̀fun Káfáyátù sílẹ̀ títí a fi parí.

A fi páálí ẹyin bo ògiri.
Igba ó lé mẹ́rìnlá ni. Èmi ni mo kà á,
èmi tí mo bẹ àwọn onítíì
láti Ọlá-Ìyá dé Gáréèjì Àtijọ́,
tí wọ́n ń bi mí pé adìẹ mélòó ni mo ń sìn.

Gbádébọ̀ so maikirofóònù kan ṣoṣo mọ́ igi ìgbálẹ̀,
ó fi ìbọ̀sẹ̀ ọmọ rẹ̀ wọ̀ ọ́ lórí
kí èémí má baà máa bú gbàù nínú rẹ̀.
Bí kọ̀ǹpútà bá gbóná, a ó máa fẹ́ ẹ bí aláìsàn.
A ti jẹnẹrétọ̀ mọ́ ẹ̀yìn odi,
síbẹ̀ ẹni tó bá tẹ́tí yóò gbọ́ ọ lábẹ́ orin kẹta,
bí ẹni ń ráhùn lójú oorun.

Okùn gìtá Ìṣọ̀lá já lọ́jọ́ Àlàmísì kan.
Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Òṣogbo.
Ó tú wáyà bíréèkì lára kẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀,
ó ta á, ó dún, ó gé e níka.
Igbe tó há nínú orin kẹrin,
kì í ṣe ọgbọ́n, irin kẹ̀kẹ́ ni.

Orin keje ló fẹ́ẹ̀ pa wá.
Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá la gbà á sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá la pa á rẹ́.
Múfútáù ní ìlù yá jù, Ìṣọ̀lá ní ó falẹ̀,
Káfáyátù jókòó sórí àpò òfìfo, ó ń jẹ atalẹ̀,
kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.
Èmi, báàsì lọ́rùn, mo ń wo aago:
mẹ́ta ààbọ̀ òru,
epo ò ju ìdajì ìgò.
A tún bẹ̀rẹ̀.

Ó sì wá.
Ó wá bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé
bọ́ sínú bàtà tí a ti ń wá kiri nínú òkùnkùn.
Ìlù wọnú báàsì, báàsì gbé gìtá,
ohùn Káfáyátù tó ti há já geere,
a dé ibi tí gbogbo wa ti máa dákẹ́
fún ìwọ̀n èémí méjì,

ilẹ̀kùn ṣí.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé àpáta lẹ ń fọ́ ni?"

Bàbá Láwọyin nìyẹn, nínú ṣòkòtò pénpé, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.
Kò sẹ́ni tó dúró. A wọ inú orin padà
bí ẹni pé ìbéèrè rẹ̀ la ti ń retí.

Ìjà ọjọ́ mẹ́ta ló tẹ̀ lé e. Ìṣọ̀lá ní ká gé e kúrò.
Gbádébọ̀ gé e, orin náà sì dùbúlẹ̀ bí ẹja orí yìnyín.
Ó dá a padà, orin mí.
A pe Bàbá wá gbọ́ ara rẹ̀.
Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú,
ó ní, "Ẹ bá mi gbé ohùn mi sókè díẹ̀."

Igba síídì la tẹ̀. Mọ́kànlélógóje ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.
Múfútáù ń kọ́ni ní ìṣirò n'Ílá,
Káfáyátù lọ́kọ sí Ìwó, ohùn yẹn ló fi ń pe ọmọ wá jẹun.
Rédíò kankan ò lo orin wa, n ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́sàn-án ọdún náà,
ìta ni wọ́n máa ń sùn lóru, lẹ́nu ilẹ̀kùn wa, ní tútù.
Wọ́n ti fi kọ́lé.
Mo máa ń kọjá níwájú ọ̀kan l'Áyétòrò,
ọmọ kan a máa fi ṣíbí lu ògiri rẹ̀.
Ó ti ń ṣe mí bíi kí n kanlẹ̀kùn,
kí n sọ fún onílé pé
ògiri rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ kó tó gbẹ,
títí kan ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá tí a pa rẹ́.