Ọwọ́ Ẹni Àárín

Òjò lé mi wọ ilé àwòrán kan ní Manṣẹ́sítà,
sìmẹ́ńtì bàtà mi ń kán sórí ilẹ̀ dídán.
Ọkùnrin mẹ́ta ń gbẹ́lẹ̀ lára ògiri,
òógùn wọn ń kọ mànà.
Ó wuyì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ ẹni àárín:
bó ṣe di ṣọ́bìrì mú yẹn,
kí oòrùn tó kàtàrí, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti kán.
Ayàwòrán yìí ò kó amọ̀ rí.
Orúkọ tirẹ̀ ló pọ́n nísàlẹ̀.
Ti àwọn mẹ́ta ńkọ́?

Obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ dé,
Dórín, ó wà láyà aṣọ rẹ̀.
Ó wo àwòrán, ó wo ẹrẹ̀ mi.
“Bàbá mi gbẹ́lẹ̀,” ló wí,
ó sì gbé ìnulẹ̀ wá.
Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lára igi náà:
ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bó ṣe yẹ.