Ẹ̀rọ Tí Mo So Mọ́ Ìrù Màálù

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ní Límíríìkì,
Ọ̀gá Sugrue da rẹ̀sísítọ̀ sórí tábìlì
bí ẹni fẹ́ ṣa ẹ̀wà,
ó ní, "Ẹ kà wọ́n."
A bẹ̀rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta.
Nuala ti dé ogójì kí ọkùnrin náà tó rẹ́rìn-ín.
Ìlà ara wọn ló ní ká kà, kì í ṣe iye wọn.

Búráùn, dúdú, pupa: ẹgbẹ̀rún kan óòmù.
Mo kà á títí ó fi bá mi wọ ojú oorun,
títí mo fi ń ka ìlà ara ìbọ̀sẹ̀ àjèjì nínú bọ́ọ̀sì.

Ilé wa wà ní Kẹ́rì,
níbi tí òjò kì í dágbére, torí kì í lọ.
Màálù mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi ń sìn.
Bó bá di oṣù kejì, tí wọ́n ń bímọ,
baba ò ní í sùn:
á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà, aṣọ ìsùn lọ́rùn,
tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu,
láago méjì, láago mẹ́rin, ìdí màálù ló ń wò kiri.
Ìrù tó bá ń gbéra léraléra, ọmọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní ẹ̀rọ lè bá a wò ó.
Èrò ní í bí ẹ̀rọ, wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀;
ẹ̀rọ tí kò bá sì bí ẹ̀rọ̀, àgàn ni.

Oṣù mẹ́fà. Mo yà á, mo pa á rẹ́.
Irin ìjó òjé bu ìka mi jẹ lẹ́ẹ̀mejì.
Òjé tó yẹ kó jó kọ̀, kò jó;
ike tí kò yẹ kó jò, jíjò ló ń jò.
Nígbẹ̀yìn ó jáde, funfun, kò ju ọṣẹ òtẹ́ẹ̀lì lọ.
Mo so ó mọ́ okùn, mo ju okùn náà bí ìrù,
fóònù mi ké, kíláàsì pàtẹ́wọ́.
Mo gba máàkì tó dára. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná.

Bláthnaid la so ó mọ́, nọ́ńbà etí rẹ̀ mẹ́tàdínláàádọ́ta.
Láago mọ́kànlá, fóònù ké: ọmọ ń bọ̀!
A sáré nínú ẹrẹ̀. Ìrù wà lókè lóòótọ́;
ìgbẹ́ ló ń yà.
Láago kan, ó tún ké. Ìgbẹ́ ni.
Láago mẹ́ta, kẹ́kẹ́ pa.
"Ó ti gbọ́n wàyí," ni bàbá mi wí, ó sì sùn,
oorun àsùnwọra àkọ́kọ́ nínú oṣù kejì
láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ilẹ̀ mọ́. Ọmọ ti bọ́ sílẹ̀,
ó tutù, ó ń gbọ̀n, àmọ́ ó dúró,
ìyá rẹ̀ ń lá a.
Màálù ẹ̀gbẹ́ wọn ń jẹ nǹkan, ó rọra ń jẹ ẹ́,
wáyà pupa yọ létè rẹ̀.

Bàbá mi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó fà á yọ,
ó fọ̀ ọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi.
Kò bú mi. Ìbá bú mi.
Ó fi àtàǹpàkò inú ìbọ̀wọ́ wá bọ́tìnì, kò rí i.
"Ta lo ṣe é fún, Dervla?"

Lọ́jọ́ Ajé mo gbé e fún Ọ̀gá Sugrue, òun àti àpá eyín lára rẹ̀.
Ó gbé e sábẹ́ iná, ó yí i po,
ó dá a padà sọ́wọ́ mi.
"Kà á."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á.
Mẹ́jọ ni, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo;
màálù kò léyín níwájú lókè,
ọmọ olùsìn màálù ni mí, n kò sì mọ̀.
Mo ṣí ìwé sí ojú ewé tuntun.
Ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ yà síbẹ̀,
ọwọ́ ńlá, nínú ìbọ̀wọ́.