Aago Méjìlá

Bàbá ìyá mi, Lìásù Ṣótúndé, atukọ̀ òkun,
kò mú wúrà bọ̀ láti Gilásíkò.
Àpótí páànù kan ló gbé sọ̀ ní èbúté Ẹ̀pẹ́,
búláńkẹ́ẹ̀tì onírun kan tó máa ń yún ni lára,
àti ìtàn tí ẹnikẹ́ni ò gbà gbọ́.

Ó ní: mo dé ìlú kan tí òkè pọ̀ níbẹ̀ ju èèyàn lọ,
òjò ibẹ̀ dà bí àlejò tí kò mọ àsìkò à-ń-lọ.
Mo rí àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa,
wọ́n ró yẹ̀rì dé orúnkún, wọ́n sì ń ju igi.
“Igi wo?”
“Odindi igi. Irú èyí tí ẹ fi ń ṣe òpó.”
Pópó-Ọba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Kò bínú. Ó ní ọba wọn kan láéláé, bí wọ́n ṣe pìtàn án fún òun,
ló ní kí àwọn géńdé sáré gun òkè,
ẹni tó bá kọ́kọ́ dórí rẹ̀ ni yóò máa jíṣẹ́ ọba.
Ó ní òkúta wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjòyè,
ọmọ tó bá gbé e dé ìbàdí ni wọ́n ń pè ní ọkùnrin.
Ó ní ogun dé, wọ́n ṣẹ́gun wọn,
aláṣẹ sì fòfin de yẹ̀rì wọn fún ọdún gbọọrọ.
Bó bá débẹ̀ yìí, á dákẹ́ díẹ̀,
á fọwọ́ pa etí aṣọ ara rẹ̀:
“Wọ́n kó yẹ̀rì sí ìsàlẹ̀ àpótí. Wọn ò kó apá wọn sí i.”

Ọjọ́ kẹta Iléyá, ọdún tí mo pé mẹ́sàn-án,
ilé ìlagi sinmi, ayùn ò han,
gẹdú sùn lórí ọ̀sà bí ọ̀nì tó yó.
Bàbá yan ọ̀kan, ó bó èèpo rẹ̀,
ó dá a dojú dé: ibi tó sanra lókè,
ibi tó tín-ín-rín lọ́wọ́. Ó ní, “Ó yá.”

Kàṣímáwò alágbàrù ló kọ́kọ́ jáde,
ẹni tó ń fi orí kan ru àpò sìmẹ́ńtì méjì.
Ó gbá igi mọ́ra bí ìyàwó tó fẹ́ kẹ́rù jáde,
ó pariwo, igi fò, ó jìnnà! A pàtẹ́wọ́.
Bàbá mi orí. “Ẹ̀gbẹ́ ló fi balẹ̀.
A kì í wọn ọ̀nà tó rìn.
Kí orí kanlẹ̀, kí ìdí gòkè,
kó wó síwájú rẹ ṣánṣán
bí ọwọ́ aago ní méjìlá ọ̀sán.”
Kàṣímáwò ní òun ò mọ eré
tí ẹni tó ju nǹkan jìnnà ti ń pàdánù.
Ẹnìkejì ju tirẹ̀ sórí páànù ilé ìlagi;
ihò náà ṣì wà níbẹ̀, òjò mọ̀ ọ́n.

Ìgbà náà ni Ṣàfíù apẹja, ẹlẹ́sẹ̀ lékeléke, bọ́ síta.
Wọ́n hó lé e lórí.
Kò gbá igi mọ́ra. Ó fi èjìká tì í, ó dákẹ́
bí ẹni tó ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀ ọ̀sà lóru
kí ọkọ̀ má baà jókòó sórí iyanrìn.
Ó jẹ́ kí igi pinnu ibi tó fẹ́ wó sí,
ó sáré tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ mẹ́fà, méje,
ó dúró gbọn-in, ó ṣíwọ́ sókè.

N ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó ní òfurufú.
Mo rántí ìdí igi láàárín oòrùn,
àti oje tó ń kán lára rẹ̀.
Lẹ́yìn náà, gbìì! Ilẹ̀ mì dé àtẹ́lẹsẹ̀ mi.
Bàbá lọ dúró lẹ́yìn Ṣàfíù, ó di ojú kan,
ó nawọ́. “Méjìlá,” ó wí, ohùn rẹ̀ há.
Búláńkẹ́ẹ̀tì onírun ni ẹ̀bùn.
Ṣàfíù fi bo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀.

Lónìí, bùtá àlùwàlá wúwo fún bàbá.
Èmi ni mò ń gbé e, òun a máa gbọ́n omi sójú.
Láàárọ̀ yìí ó ní kí n fi sílẹ̀.
Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìdí rẹ̀, ó gbé e dé ìbàdí
(ìbàdí gan-an, mo rí i),
omi dà sí wa lẹ́sẹ̀.
A jọ ń wò ó bó ṣe ń ṣàn lọ síhà ọ̀sà.
Kò sẹ́ni tó béèrè aago mélòó ló lù.