Kíláàsì Kẹta, Ìsánlú

Tíṣà Ọlọ́runjuwọ́n fa ìlà sáàárín pátákó:
"Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira, kò tíì sí ẹgbẹ́ òṣèlú.
Ààrẹ kìíní kìlọ̀ títí ẹnu fi bó.
Kò tíì délé tán, wọ́n ti pín sí méjì:
àwọn kan ní kí àpapọ̀ lágbára,
àwọn kan ní kí kálukú di tirẹ̀ mú."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yọjú lójú fèrèsé:
bàbá mi ń gba abẹ́ kajú kọjá,
àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ lápá kejì.
Láti ọjọ́ ìbò,
"Ọ̀kun" lásán, wọn ò kí ara wọn mọ́.

"Ta ló ní ìbéèrè?"
Ṣọ́ọ̀kì ti funfun mọ́ Tíṣà lọ́wọ́.

Mi ò nawọ́.