Àga Bàbá

Ọjọ́ kẹjọ tí a sin Bàbá tán ní Ìjẹmọ̀,
wọ́n gbé àga rẹ̀ sí àárín pálọ̀,
àga onírọ̀gbọ̀kú, tìmùtìmù rẹ̀ ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Kò sẹ́ni tó jókòó lé e, gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀.
Bọ̀ọ̀dá Ṣógbèsan tún fìlà gẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.
Àǹtí Wúràọlá ní, "Èmi ni àkọ́bí."
"Àkọ́bí obìnrin," ni ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn fìríìjì.
A ò mọ ẹni náà títí dòní.

Tíṣà Ṣóyọyè, àbúrò Bàbá,
tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn,
gbé ife omi kalẹ̀, ó wúkọ́.
"Ẹ jẹ́ n sọ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ fún yín."
A mọ̀ pé ilẹ̀ á ṣú kó tó parí.

Ó ní ọba kan wà, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí sílé
(ti ìta, ẹ má wulẹ̀ kà á).
Ọmọ wọ ọkọ̀ ojú omi lóru,
òun mu ọtí, ọ̀rẹ́ mu, atukọ̀ pàápàá mu,
wọ́n wá àpáta inú omi lọ, wọ́n sì kọlù ú.
"Àwa tí a ń gbé lábẹ́ Olúmọ," ni Tíṣà wí,
"ta ló kọlù ú rí nínú wa?"
Bọ̀ọ̀dá Ṣógbèsan wolẹ̀.
Bọ́ńpà ọkọ̀ rẹ̀ ṣì tẹ̀
láti òru ìkómọ tó lọ ní Ìkijà.

Ọba mú àwọn ìjòyè búra: ọmọbìnrin mi ni yóò jọba.
Wọ́n búra, wọ́n tún un bú.
Ọba wá rí ẹja kan tó jọ ejò,
èyí tí dókítà ní kó má fẹnu kàn,
ó jẹ ẹ́ ní àjẹkì, ó kú.
Òkú ò tíì tutù,
ọmọ arábìnrin rẹ̀ ti sọdá òkun, adé ti wà lórí.
"Ìbúra ńkọ́?" ni Àǹtí Wúràọlá bi í.
"Wọ́n ní ọba yí ọkàn padà lórí àìsàn,
ẹnìkan ló gbọ́ ọ."
Gbogbo wa yíjú sí Bọ̀ọ̀dá Ṣógbèsan,
tó ní òun nìkan ni Bàbá bá sọ̀rọ̀ ní ọsibítù.

Ọmọbìnrin náà gbógun dìde. Wọ́n sé e mọ́ ilé olódi.
Ó da aṣọ funfun bora, ó gba orí yìnyín lọ,
ẹ̀ṣọ́ ń wò, ẹ̀ṣọ́ ò rí i.
"Aṣọ funfun, lórí òkúta tiwa?" ni Ìyá Lápitẹ́ wí.
"Adìẹ gan-an á rí i! Àdìrẹ Ìtokù ni kó rà."

Ó dé orí àwọn ìbátan tó fi òdòdó ṣe àmì ogun,
Ẹ́ńrì pa Ẹ́dúwọ́ọ̀dù, Rísáàdì dìde,
Ẹ́dúwọ́ọ̀dù mìíràn, Ẹ́ńrì mìíràn.
"Ṣé wọn ò ní oríkì ni?"
Wọ́n ní inú àgbá ọtí ni ọ̀kan kú sí.
Bàbá Fọlárìn rọra gbé ìgò rẹ̀ kúrò lẹ́nu.
Òmíràn, lẹ́yìn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún,
abẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n ti wú u.
"Ọba! Kí mọ́tò máa gun orí ẹ̀!"

Ibẹ̀ ni iná lọ.
A gbọ́ tí nǹkan ń wọ́lẹ̀, a rò pé ológbò ni.
Nígbà tí iná dé, Tíṣà Ṣóyọyè ló wà lórí àga,
ó ti bọ́ bàtà.
Ó ní ẹsẹ̀ ló ń dun òun.