Ẹgbẹ̀rún Náírà Inú Agolo

Fálékè dé Ìsọ̀kun kí ilẹ̀ tó mọ́ tán,
ó ń gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń jí ọ̀lẹ.
"Bàbá Ìbítóyè, ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ kíá,
èrò ti pé, Ifẹ̀ ń dúró."
Mo yí táyà náà ká, mo fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò:
ó ti pá bí àtẹ́lẹsẹ̀,
wáyà ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí irùngbọ̀n òbúkọ.
Mo ní, "Fálékè, èyí kì í ṣe táyà mọ́,
rọ́bà tó ń rántí ìgbà èwe rẹ̀ ni."
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tòkunbọ̀ ti wọ́n,
owó ilé-ìwé ń bẹ nílẹ̀,
àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kì í sì í dé títì ṣáájú aago mẹ́jọ.
Mo lẹ̀ ẹ́.

Ẹni méjì há síwájú, bẹ́líìtì kan ṣoṣo.
Ọmọbìnrin kan gbé àpò gàrí lé itan,
ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà."
Mo ń ka owó lọ́wọ́, n ò wo ojú rẹ̀.

Àwa Ìjẹ̀ṣà la mọ gbèsè í sìn.
Bàbá mi a jókòó ti onígbèsè lẹ́nu ọ̀nà,
a ní, "Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi."
Ọ̀nà Òṣú náà mọ òṣó í ló.
Ó lóṣòó sí kọ́ọ̀nà, ó ń retí ẹni tó jẹ ẹ́:
ẹni tó jẹ ẹ́ ní bíréèkì tuntun,
ẹni tó jẹ ẹ́ ní sùúrù lẹ́yìn tírélà,
ẹni tó fo ìlà funfun méjì bí ẹni fo gọ́tà.
Ìlà ni wọ́n fà; ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ló ń là.
Sáré, sáré, lẹnu wa ń wí;
sàréè ni títì ń gbọ́.

Fálékè yè.
Gàrí tú sójú ọ̀dà, ó funfun báláú
títí òjò fi fọ̀ ọ́ lọ.
Àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn ojú títì, wọ́n béèrè ìwé-àṣẹ,
wọ́n kọ nọ́ńbà mọ́tò sílẹ̀.
Kò sẹ́ni tó béèrè ta ló lẹ táyà.

Owó náà ṣì wà nínú agolo gúlúù.
N ò fi ra búrẹ́dì, n ò fi fún alágbe.
Bí ẹ bá gbé táyà wá lónìí,
màá ti kọ́bọ̀ àtijọ́ bọ pàlàpálá ojú rẹ̀.
Bí kọ́bọ̀ kò bá rì,
ẹ gbé e relé, ẹ fi gbin tẹ̀tẹ̀.
Wọ́n ń bú mi, wọ́n ní mo ń ṣe bí ìjọba.
Wọ́n á sọdá lọ bá Gàníyù,
Gàníyù á lẹ̀ ẹ́; òun náà lọ́mọ tó ń bọ́.
Èmi á jókòó sórí àpótí,
màá ka àwọn mọ́tò tó gba ọ̀nà Òṣú lọ,
màá máa tẹ́tí
títí oòrùn á fi kàn mí látàrí,
kí n tó lè jẹun àárọ̀.